Eyín Ọmọdé Ni

Mísbáù kì í wọlé lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀ ló mọ èyí mọ́ ọn. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ bá ti yà wọ àdúgbò lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tó sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, Hassanat, ọmọ rẹ̀, á ti sáré jáde, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Súìtì ni nígbà mìíràn, bísíkíìtì ni nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ lọ́nà Òṣòdì, ìgò mínírà tó ṣì tutù ni. Ọmọ náà kì í dúpẹ́ tán kó tó ṣí i.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe tọ́ Mísbáù kò ní bá a wí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, òun ni ìkeje nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣúgà tí ó mọ̀ ní kékeré kò ju èyí tí ìyá rẹ̀ ń bu sínú ògì fún ọmọ tí ibà bá ń ṣe. Ó máa ń díbọ́n nígbà mìíràn pé ara òun ń gbóná, ìyá rẹ̀ á fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, á sì ní kó lọ gbálẹ̀. Ó ti fi sọ́kàn láti ìgbà yẹn pé bí òun bá bímọ, ọmọ náà kò ní ṣàìsàn kó tó fẹnu kan ohun dídùn.

Ọmọ náà kò sì tètè dé. Ọdún méje ni òun àti Lateefah, ìyàwó rẹ̀, fi wá a. Ìgbà tí Hassanat dé, wọn kò rí òmíràn bí tẹ̀ lé e.

Lateefah ń ta aṣọ ọmọdé l'Óṣòdì, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ tó wá láti Ṣágámù ti ń tajà kí wọ́n tó bí i. Aago márùn-ún àárọ̀ kì í bá a nílé. Mísbáù náà á ti gbé kẹ̀kẹ́ jáde kí oòrùn tó yọ. Ìyá Táíyé, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tó sì ń ta nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ níwájú ilé, ló ń jí Hassanat, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń mú un lọ sílé ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọmọ mẹ́rin nínú balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Bí àsìkò bá ti fẹ́ lọ, omi lásán ni Hassanat fi ń ṣan ẹnu, á tu ú dà nù, ó parí. Lálẹ́, súìtì bàbá rẹ̀ ló máa ń wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ.

Ìyá Táíyé sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá Hassanat, ohun dídùn yìí ti pọ̀ jù fún ọmọdé."

Mísbáù rẹ́rìn-ín. "Ìyá Táíyé, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ̀ ń tà á."

Obìnrin náà wo ike súìtì tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ohun tí àdúgbò fi mọ Hassanat jù ni ohùn rẹ̀. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ló ti ń lọ sí ilé kéwú lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà tí yóò fi pé mẹ́sàn-án, bó bá ń ké Kùránì, àwọn tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé á dẹwọ́. Ààfáà Abdulmajeed tó ni ilé kéwú náà kì í yin ọmọ, ó gbà pé ìyìn a máa ba ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ó dá kẹ̀kẹ́ Mísbáù dúró lójú ọ̀nà, kò sì wọ̀ ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Àwọn ilé kéwú Ìsọlọ̀ máa ṣe ìdíje lóṣù karùn-ún," ó ní. "Ọmọ yín ni mo fẹ́ mú lọ."

Mísbáù pa ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ náà.

"Bó ṣe ń gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde níbi tó yẹ kó ti jáde, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ," Ààfáà ní. "Mo kọ́ àwọn yòókù ní ohun kan náà. Etí tirẹ̀ ló yàtọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Mísbáù ti gba ohùn ọmọ rẹ̀ sínú fóònù. Bí ó bá ti kó èrò ní Ìsọlọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á gbé fóònù náà sí iwájú ibi tó ti ń wakọ̀. Obìnrin kan wà tó ń fi fóònù bá oníbàárà rẹ̀ jà láti ìgbà tó ti wọ kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́ kéwú náà díẹ̀, ó ní òun á padà pè, ó pa fóònù, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi dé Òṣòdì.

"Ọmọ ta nìyí?" ó béèrè nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Èmi ni mo bí i," Mísbáù dáhùn. Ọjọ́ náà, ìgò mínírà méjì ló rà relé.

Ìgbà ọyẹ́ ni Hassanat kọ́kọ́ sọ pé eyín ń dun òun. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ní kó la ẹnu. Nínú eyín ẹ̀yìn, lápá òsì nísàlẹ̀, ihò dúdú kan wà níbẹ̀ tí orí ìṣáná lè wọ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti ń dúdú. Lókè níwájú, ọ̀kan ti ṣá, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní etí bí ẹni pé ó ti dípẹtà.

"Eyín ọmọdé ni," ó sọ fún Lateefah nígbà tó dé. "Yóò yọ, òmíràn á hù."

Ó dá a lójú. Ta ni kò mọ̀ pé eyín ọmọdé a máa yọ? Òun fúnra rẹ̀ ti ju tirẹ̀ sórí òrùlé ní Ìsẹ́yìn, ó sì hu òmíràn. Lateefah lọ kànáfùrù, ó fi òwú bọ̀ ọ́ sínú ihò náà. Ìyá Táíyé ń fún un ní oògùn ara ríro láti orí tábìlì rẹ̀. Hassanat kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun. Ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nínú kíláàsì kí tíṣà má bàa rí i pé ó ń sunkún. Bó bá sì sunkún nílé, súìtì ni bàbá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nínú oṣù kejì, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà eyín kan wá sílé ìwé wọn. Wọ́n to àwọn ọmọ sórí ìlà ní pápá, wọ́n ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mísìsì Adéyanjú, tíṣà Hassanat, rò pé bóyá ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa rí nínú kíláàsì òun. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ju ìdajì wọn lọ. Wọ́n fún gbogbo ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín kékeré, wọ́n wá kọ ìwé fún àwọn tí tiwọn ti le. Wọ́n kọ ọ̀kan fún Hassanat.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà, òun ni ọmọ náà sì fún ní ìwé náà. Mísbáù jókòó sínú kẹ̀kẹ́, ó kà á díẹ̀díẹ̀, torí òyìnbó rẹ̀ kò yá. Ó yé e. Eyín mẹ́ta ló ti jẹrà, ọ̀kan nínú wọn ti jìn gan-an, kí àwọn òbí mú ọmọ yìí dé ilé ìwòsàn eyín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ ìjókòó rẹ̀, níbi tí àwọn sípánà ń gbé.

Ọjọ́rú ló fi sọ́kàn. Kí Ọjọ́rú tó dé, oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní bí èèyàn kò bá dé ilé ìwòsàn ìjọba kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrọ̀lẹ́ ló máa kúrò níbẹ̀. Mísbáù ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, táyà ẹ̀yìn bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, eyín náà dákẹ́.

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Hassanat jí lọ́jọ́ kan, kò gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú mọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ búrẹ́dì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mísbáù wò ó, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbà á lọ́wọ́ ilé ìwòsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Lateefah ń di irun ọmọ náà. Ó gbójú sókè.

"Ìyá Táíyé ní àwọn oníṣègùn wá wo ẹnu wọn nílé ìwé. Kí ni wọ́n sọ nípa tiwa?"

"Wọ́n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì," Mísbáù dáhùn. "Wọ́n ní kó máa fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí."

Hassanat wà láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ tó ń já àgbàlagbà níyàn.

Mísbáù kò fẹ́ purọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí Lateefah bá rí ìwé náà, á ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀la, á sì gbé ọmọ náà lọ. Á sì wo òun bí ẹni tó fi nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ méjìlá. Ó rò pé òun á mú un lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìwé náà kò ṣeé mú jáde mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdíje kéwú náà wáyé nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Hassanat wú. Ọjọ́ Ajé ni. Lateefah fi omi gbígbóná oníyọ̀ jó o. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Táíyé ra kápúsù ní kẹ́mísì, wọ́n tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú omi fún un. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ara ọmọ náà ń gbóná, ẹnu rẹ̀ kò fẹ́ là mọ́, wíwú náà sì ti kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Lateefah gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò lè lọ sọ́jà lónìí. Ilé ìwòsàn ni mò ń gbé e lọ."

"Àwọn oníbàárà yín tó fẹ́ wá láti Ìbàdàn ńkọ́?" Mísbáù ní. "Ẹ máa lọ. Èmi á mú un lọ lọ́la. Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti sùn?"

Lateefah dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mísbáù ń já èrò sílẹ̀ ní Apákun, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nígbà tí Ìyá Táíyé, tó ń bá wọn mójú tó ọmọ náà, pè é.

"Bàbá Hassanat, ẹ máa bọ̀ nílé. Itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ yìí, kò lè gbé e mì. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń mí."

Ó bá a lórí àpótí níwájú ilé. Hassanat tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó na ọrùn bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti kún, ó ti ń dán. Mísbáù fọwọ́ kàn án, ó le bí pákó. Ahọ́n ọmọ náà ti gòkè, kò jẹ́ kí ẹnu pa dé. Ó fẹ́ pe bàbá rẹ̀, ohun tó jáde kì í ṣe ohùn tí Mísbáù mọ̀. Ohùn náà kún, ó dì, bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu.

"Mo fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀," Ìyá Táíyé ní. "Bí mo bá ti dà á dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á há."

Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ní ìjókòó. Ìyá Táíyé dì í mú láti ẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ dé, nọ́ọ̀sì tó jáde síta kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ọrùn ọmọ náà, ó ní kí wọ́n má fi àsìkò ṣòfò níbí, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mísbáù kò rántí ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ohun tó rántí ni ìró èémí náà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fá gààràgà, àti bí òun ṣe ń kà á lọ́kàn, tí ẹ̀rù ń bà á pé èyí tó kàn kò ní dé.

Dókítà tó gbà wọ́n, Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́, obìnrin tín-ín-rín kan ni, kì í gbé ohùn sókè. Bó ṣe ń yẹ ọmọ náà wò ló ń rán àwọn nọ́ọ̀sì níṣẹ́, ló sì ń béèrè ọ̀rọ̀. Lateefah ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Òṣòdì ni, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú?"

"Ọjọ́ Ajé," Lateefah dáhùn.

"Eyín fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Láti ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́ tipẹ́, mà."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú òní?"

"Wọ́n wo ẹnu wọn nílé ìwé, dókítà. Wọn ò rí nǹkan kan."

Mísbáù dúró lẹ́bàá ògiri. Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó wo ọmọ náà, ó rí i pé ọmọ náà ń wo òun láti orí ibùsùn, ojú rẹ̀ pupa.

"Wọ́n rí i," ó ní.

Lateefah yíjú sí i.

"Wọ́n kọ ìwé. Wọ́n ní ká mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé náà wà nínú kẹ̀kẹ́ mi."

"Láti ìgbà wo?" Dókítà béèrè.

"Láti oṣù kejì."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bá a wí. Lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán ló wá sọ fún un pé eyín tó dá wàhálà sílẹ̀ yìí kì í ṣe eyín ọmọdé rárá. Bí ọmọ bá pé bí ọdún mẹ́fà ló máa ń hù, lẹ́yìn gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò dípò ọ̀kankan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fi í mọ̀ pé ó ti dé. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ títí ayé.

"Ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́, mà," Mísbáù ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kò dùn ún mọ́."

"Ó dákẹ́ torí pé ó ti kú. Òkú eyín kì í dunni. Ọyún inú rẹ̀ ló gba egungun kọjá wá sí ọrùn." Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "A gbọ́dọ̀ la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n a máa kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí á fi máa mí. Ta ni yóò fọwọ́ sí i?"

Mísbáù fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ń ti ibùsùn náà lọ, Hassanat di etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Kò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ló rọra tú ọwọ́ rẹ̀ níka-níka.

Bẹ́ǹṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jókòó sí i, àyè ẹnì kan wà láàárín wọn. Ìyá Táíyé ti lọ dúró níta. Lateefah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo bi yín. Mo ní ṣé kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ ní kò sí."

"Mo fẹ́ mú un wá ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mú un wá."

Mísbáù retí pé kó pariwo, kó bú òun, kó tiẹ̀ gbá òun létí lójú gbogbo èèyàn. Lateefah kò ṣe ọ̀kankan. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó sì gbé ojú lé ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé ọmọ náà gbà wọlé.

"Èmi náà gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀," ó ní lẹ́yìn ìgbà náà, bí ẹni pé kì í ṣe Mísbáù ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mo rò pé ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ ń rí ojú ọmọ mi lọ́sàn-án?"

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ ló ń bá Hassanat mí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lajú. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko níbẹ̀. Wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn méjèèjì tó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì yọ ti iwájú náà, torí kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tí wọ́n lè tún ṣe. Àpá ńlá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, òmíràn wà níwájú ọ̀fun níbi tí wọ́n ti wá ọ̀nà èémí. Ẹnu rẹ̀ kò là ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì fún Lateefah ní àwọn igi pẹlẹbẹ, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tò wọ́n lé ara wọn sáàárín eyín ọmọ náà, kó máa fi ọ̀kan kún un díẹ̀díẹ̀. Omi á máa bọ́ lójú Hassanat, ṣùgbọ́n kì í ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ dà nù.

Ìdíje náà kọjá nígbà tó wà ní wọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìsíátù ni Ààfáà mú lọ dípò rẹ̀, wọn kò sì gbé ipò kankan. Ààfáà Abdulmajeed wá wo Hassanat lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó bá a ṣe àdúà, ó sì ní kó ka súrà kúkúrú kan fún òun, kó rọra kà á, kì í ṣe dandan kó ròkè.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni, Mísbáù mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó dé ibi lẹ́tà kan tí ahọ́n gbọ́dọ̀ kan etí eyín òkè kó tó jáde. Ahọ́n rẹ̀ wá eyín náà, kò rí i. Afẹ́fẹ́ lásán ló súfèé jáde. Ó tún un ṣe, ó tún súfèé. Hassanat fa hìjáàbù rẹ̀ bo ẹnu.

"Díẹ̀díẹ̀ ni," Ààfáà sọ fún un. "Ọlọ́run gba èyí náà."

Kò ké Kùránì sókè mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà sílé, bí wọ́n bá ń kírun, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Mísbáù ti ń wọlé kí Mọ̀gáríbì tó kọjá báyìí. Lálaalẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ á jọ dúró lẹ́bàá gọ́tà lẹ́yìnkùlé, kálukú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Kì í ra ohun dídùn mọ́. Lateefah kì í lọ sọ́jà kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ní àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ dúró kí wọ́n dúró. Kò tún dá ọ̀rọ̀ ìwé náà sílẹ̀ rí. Ó ń gbé oúnjẹ fún Mísbáù, ó ń bá a sọ ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ilé, ó sì ń pè é ní Bàbá Hassanat bó ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Mísbáù bá sọ nǹkan kan fún un báyìí, ì báà jẹ́ pé omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, á lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Ìyẹn ló ń dun ọkùnrin náà ju èébú lọ.

Ìyá Táíyé ṣì ń ta súìtì. Ó ti gbé ike rẹ̀ kúrò níwájú tábìlì, ó gbé e sẹ́yìn. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ ibi tó gbé e sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Mísbáù ń nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rò pé kò sẹ́ni tó wà nítòsí. Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn Hassanat ti ìjọ́sí jáde, ó mọ́ gaara. Kò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì tó fi rí òjìji ẹnì kan lára gíláàsì kẹ̀kẹ́. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Dádì, ẹ pa á."

Ó yára tẹ̀ ẹ́, ohùn náà dúró. "Mo ti pa á."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á rẹ́."

"Hassanat, èyí tí..."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Mẹ́ta ni èyí tó gbà sínú fóònù náà. Ó pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hassanat wò ó títí ó fi ṣe tán, ó sì padà wọlé. Mísbáù jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó ṣì ń kán omi. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tàbí ó yẹ kí òun kọ̀. Títí di òní, kò tíì mọ̀.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, Ààfáà Abdulmajeed wá sílé wọn, ó ní ààyè Hassanat ṣì wà ní ilé kéwú. Ọmọ náà lọ. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó ń gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kà á. Ààfáà kò ní kó kà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kó máa bá òun mójú tó àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ lẹ́tà.

Mísbáù gbé obìnrin kan tó ru ẹrù wá sí òpópónà ilé kéwú náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Obìnrin náà ń to ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, fèrèsé ilé kéwú sì ṣí sílẹ̀. Mísbáù yọjú. Àwọn ọmọ bíi mẹ́jọ ló yí Hassanat ká lórí ẹní, àwọn kan nínú wọn kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ó gbé wàláà lé orúnkún, ó kọ lẹ́tà kan sí i, ó fi gègé tọ́ka sí i. Ọmọkùnrin kékeré kan pè é. Hassanat mi orí pé kò tọ̀nà. Ọmọ náà tún un pè. Ó tún mi orí, ó na ìka rẹ̀, ó fi kan eyín òkè ọmọ náà, ó fi ibi tí ahọ́n gbọ́dọ̀ dúró sí hàn án. Hìjáàbù rẹ̀ bo ẹnu tirẹ̀ títí dé imú.

Ọmọ náà pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́tà náà jáde wẹ́rẹ́.

Hassanat mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó pa èyí tó kọ rẹ́ kúrò lára wàláà, ó sì kọ òmíràn.

"Ọ̀gá, mo ti sọ ẹrù kalẹ̀ o," obìnrin náà pè láti ẹ̀yìn. "Ṣé ẹ ò ní máa lọ ni?"

Mísbáù dá a lóhùn pé òun ń lọ.